Ẹnu Ń Jà, Ojú Ń Wo Ẹsẹ̀

Nínú ìjà UFC, níbi tí ẹ̀ṣẹ́, ìpá àti ìjàkadì ti pọ̀ mọ́ra, àríyànjiyàn tó dùn jù kì í ṣe ta ló lágbára jù. Ibi tí ọgbọ́n ẹnìkan ti máa ko ti ẹnìkejì lójú ni ọ̀rọ̀ wà. Bí àwọn ọ̀dọ́ Ìlá-Ọ̀ràngún bá dá ọ̀rọ̀ Israel Adesanya sílẹ̀, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Èkó lọ́dún 1989, orúkọ Alex Pereira ará Brazil kì í pẹ́ dé.

Pereira ti na Adesanya lẹ́ẹ̀mejì nínú kickboxing (ìjà ẹ̀ṣẹ́ àti ìpá), ní 2016 àti 2017. Nígbà tí wọ́n pàdé nínú UFC ní New York, ní oṣù kọkànlá 2022, Adesanya ló ń léwájú nínú ìwé àwọn adájọ́ kí Pereira tó lù ú títí wọ́n fi dá ìjà náà dúró ní abala karùn-ún. Ta ló tún fẹ́ ta tẹ́tẹ́ lé Adesanya lẹ́yìn ìyẹn?

Ẹni tó mọ ìjà wò ni. Pereira a máa ta ìpá sí ẹ̀yìn ojúgun, kí ẹsẹ̀ ẹni lè wúwo. Ẹ̀ṣẹ́ òsì ló ń tẹ̀ lé e. Apá Adesanya gùn, ẹlẹ́tàn sì ni. Ní Miami, ní oṣù kẹrin 2023, ó fara ti wáyà bí ẹni tó ti gbà. Pereira sáré wọlé wá parí iṣẹ́, ló bá ṣí àgbọ̀n sílẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún Adesanya bà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ṣubú gbì! Abala kejì ni.

Ṣùgbọ́n alájiyàn gidi á tún dárúkọ Jan Błachowicz ará Poland, tó gbé Adesanya dálẹ̀ ní abala kẹrin àti ìkarùn-ún lọ́dún 2021, tó sì borí.