Àdògán Eléèédú

Ihò ìsàlẹ̀ la fi ń mọ àdògán eléèédú tó dáa: ibẹ̀ ni atẹ́gùn ń gbà wọlé, ibẹ̀ náà ni eérú ń gbà jáde. Ní Ẹlẹ́yẹlé, nílùú Ìbàdàn, oríṣiríṣi ló wà. Ti páànù fúyẹ́, ṣùgbọ́n iná tètè ń jẹ ẹ́. Ti ríìmù ọkọ̀ kì í bàjẹ́ bọ̀rọ̀, àmọ́ ara ẹni tó ń dáná ni ọ̀pọ̀ ooru rẹ̀ ń lọ. Èyí tí wọ́n fi amọ̀ tẹ́ nínú ló gbayì jù, torí amọ̀ ń há ooru mọ́ abẹ́ ìkòkò, èédú díẹ̀ á sì pẹ́.

Èédú igi líle tó gbẹ ló yẹ ẹ́. Èyí tó rin á máa ta pàràpàrà. Kí èédú pọ́n dáadáa kí ìkòkò tó gorí rẹ̀. Ẹni tó mọwọ́ iná kì í fi abẹ̀bẹ̀ dà á láàmú: á ṣí ihò fún ọkà, á dí i díẹ̀ fún ẹ̀wà. Ẹ̀yinná tó kù á yan ẹja, á tún mú omi ìwẹ̀ gbóná.

Ààrò mìíràn wà fún ju oúnjẹ lọ: ní Sweden, Gustaf Dalén ṣe ààrò Aga ní 1922, èyí tó ń se oúnjẹ tó sì ń mú ilé ìdáná móoru. Ní tiwa, ọyẹ́ ló sábà ń mú kí ará Ìbàdàn yá iná èédú, àgbàlá sì ni ààyè rẹ̀. Nínú yàrá tí wọ́n tì pa, afẹ́fẹ́ olóró carbon monoxide tó ń ti ara èédú jáde kò lóòórùn, ó sì ń pani lójú oorun.