Ìyàwó Ṣàngó ní Ẹdẹ: Ìdánimọ̀ tàbí Ipò?

Ọ̀pọ̀ lámèyítọ́ Òyìnbó tí ń jà fún ẹ̀tọ́ obìnrin ni ó fi ìdánimọ̀ ṣe òpó àlàyé wọn. Lójú wọn, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ẹni tí obìnrin í ṣe kí a tó gbèjà rẹ̀. Ní 1990, Judith Butler tako èrò yìí. Ó ní ìṣe tí ènìyàn ń ṣe léraléra ni ó ń sọ ọ́ di akọ tàbí abo láwùjọ. Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí gba ọ̀nà mìíràn ní 1997. Ó ní kí Òyìnbó tó dé, ipò àgbà àti àbúrò ni Yorùbá Ọ̀yọ́ fi ń to ènìyàn. Ẹ̀rí rẹ̀ lágbára: "ó" kan náà ni èdè ń lò fún takọtabo, àwọn ọmọ ilé, tọkùnrin tobìnrin, sì ni ìyàwó tuntun ń pè ní ọkọ.

Ẹdẹ, ìlú tí ìtàn ní Tìmì Àgbàlé tẹ̀ dó nígbà tí Ṣàngó rán an lọ ṣọ́ ààlà Ọ̀yọ́, dára láti fi yẹ àlàyé yìí wò. Ulli Beier ṣe àkọsílẹ̀ àwọn ọdún òrìṣà ìlú náà nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1959. Nínú ẹ̀sìn Ṣàngó, ìyàwó òrìṣà ni adóṣù, ìbáà jẹ́ ọkùnrin. Ẹni tí ó jẹ́ ọkọ nínú ilé ni ìyàwó lójúbọ. Títí dé ibí, Oyěwùmí jàre.

Ṣùgbọ́n kí ló dé tí adóṣù ọkùnrin fi ń dirun? J. Lorand Matory, tí ó ṣèwádìí ní Ìgbòho, fi hàn ní 1994 pé aṣọ àti ọ̀ṣọ́ obìnrin wà lára ohun tí ń sọ ọkùnrin di ìyàwó òrìṣà. Bí ìyàwó bá túmọ̀ sí ẹni tí ó dé kẹ́yìn nìkan, irun dídì kò pọn dandan. Ara obìnrin ni a fi ń ya àwòrán ipò náà.

Ohun mìíràn tún wà. Obìnrin a máa jẹ́ ọkọ nínú ilé tí a bí i sí. Ọkùnrin kì í jẹ́ ìyàwó nínú ilé ẹnikẹ́ni, àfi níwájú òrìṣà. Ọ̀nà náà kò dọ́gba.

Nítorí náà, ipò sàn ju ìdánimọ̀ lọ gẹ́gẹ́ bí irinṣẹ́ lámèyítọ́, nítorí ó fàyè gba kí ènìyàn kan jẹ́ ọkọ àti ìyàwó lọ́jọ́ kan náà. Àmọ́, tíọ́rì tí kò bá béèrè ẹni tí ipò kọ̀ọ̀kan ṣílẹ̀kùn fún, àti ẹni tí ó tìlẹ̀kùn mọ́, kò ì tí ì sọ ìtàn obìnrin tán.