Ṣakabùlà Lẹ́nu Géètì

Bí ẹ bá gba ẹnu géètì àdúgbò wa kọjá n'Ígàndò lẹ́yìn aago mẹ́wàá alẹ́, iná tọ́ọ̀ṣì ló máa kọ́kọ́ ta yín lójú, ẹ ó wá gbọ́ ohùn Bàbá Ọlọ́dẹ: “Ta nìyẹn o?” Ìbọn ló máa ń gbẹ̀yìn. Ó fara ti ògiri búlọ́ọ̀kù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó ọmọ ọdún mẹ́wàá, wọ́n sì fi ọ̀rá píọ̀ wọ́tà wé e lọ́rùn bí ẹni tí òtútù ń mú. Ó tó ọdún márùn-ún tí mo fi ń kọjá lára rẹ̀ kí n tó bẹ Bàbá pé kí wọ́n jẹ́ kí n gbé e wò.

Bàbá kọ́kọ́ wò mí láti òkè délẹ̀. Wọ́n fa ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó sùn sábẹ́ ìbọn náà yọ, wọ́n tì í bọ ẹnu rẹ̀, ọ̀pá náà sì lọ títí ó fi kan ìdí, kóró. “Ẹ gbọ́ ọ? Kò sí nǹkan níbẹ̀.” Ìgbà yẹn ni wọ́n tó gbé e lé mi lọ́wọ́.

Iwájú rẹ̀ wúwo ju ẹ̀yìn lọ, ó sì fẹ́ dojú bolẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n gbé. Igi apá ni wọ́n fi ṣe ìdí rẹ̀. Ó ń dán, ṣùgbọ́n kì í ṣe fáníìṣì ló fi dán, àtẹ́lẹwọ́ ni. Òrùka irin mẹ́ta ló so irin mọ́ igi. Ọ̀kan ti já, wáyà ni Bàbá fi dí ipò rẹ̀. Apátí rẹ̀ tẹ̀ kọ́rọ́kọ́rọ́ bí àkùkọ tó fẹ́ ṣá àgbàdo, ó sì ti dúdú níbi tí iná ẹ̀tù ti ń jó o láti ọdún gbọ́nhan. Kò ní orúkọ iléeṣẹ́ kankan lára, bẹ́ẹ̀ ni kò ní nọ́ńbà. Alágbẹ̀dẹ kan l'Ókè-Ògùn ló rọ ọ́ fún bàbá Bàbá Ọlọ́dẹ, Bàbá sì lè fi ọwọ́ júwe ibi tí àgbẹ̀dẹ náà wà fún yín, lọ́wọ́ ọ̀tún bí ẹ bá ń bọ̀ láti ọjà.

Oṣù kẹrin ọdún 2020 ni ìbọn yìí di ọ̀rọ̀ ìpàdé onílé. Ẹ ó rántí pé alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù kẹta ni ìjọba ti Èkó pa nítorí kòrónà. Kò pẹ́ tí ìròyìn àwọn ọmọ olè tó ń pe ara wọn ní One Million Boys gba ìlú kan. L'Ágége, ní Ìyánà-Ìpájà, ní Ayọ̀bọ̀, àwọn ènìyàn ń jó táyà lójú títì, wọ́n mú àdá, wọ́n mú kóńdó, wọn ò sùn. Àwa náà ò sùn n'Ígàndò. Ibi tí a ti ń ṣe àìsùn yẹn ni lánlọ́ọ̀dù kan tó ti gbé Amẹ́ríkà rí ti sọ pé àwa tí à ń fi ṣakabùlà ṣọ́ òpópónà nínú ayé kòǹpútà, ìtìjú ni. Ó ní lọ́hùn-ún, ìbọn gígùn kan tí wọ́n ń pè ní kábáìnì wà tó jẹ́ olówó pọ́ọ́kú, ọta ìbọn ìléwọ́ ló ń jẹ, ìyàwó ilé gan-an lè yìn ín. Ó ní kí a dá owó.

N ò bá a jà, nítorí ohun tó sọ kì í ṣe irọ́. Ìbọn gígùn tó ń jẹ ọta kékeré ti pẹ́ láyé. Lọ́dún 1873 ni iléeṣẹ́ Winchester ṣe ọ̀kan l'Ámẹ́ríkà, nígbà tó sì yá, Colt ṣe ìbọn ìléwọ́ tó ń jẹ irú ọta kan náà, kí darandaran má baà máa ru àpò ọta méjì kiri. Lọ́dún 1941, tí Hitler ń fi bọ́ǹbù jí ará Lọ́ńdọ̀nù lóru, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe Sten, tó ń jẹ ọta mìlímítà 9: páìpù àti irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tẹ̀ lásán. Kò wọ́n, ó yá ṣe, ó sì bá wọn ja ogun náà dé òpin. Àléébù rẹ̀ ni pé bó bá já bọ́ lọ́wọ́ ẹni, ó lè fúnra rẹ̀ yìn. Lónìí, Hi-Point tí wọ́n ń ṣe ní Ohio ni ará Amẹ́ríkà tí owó rẹ̀ ò tó nǹkan ń rà. Ó burẹ́wà débi pé àwọn tó ní in gan-an ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fà á, ó ń dún. Irú ìbọn bẹ́ẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ti èjìká ẹni sẹ́yìn. Ó gùn tó ohun tí a lè fi gbá èjìká mú kí ọwọ́ má gbọ̀n, èyí tí kò ṣeé fi ìbọn ìléwọ́ ṣe, ọta rẹ̀ ò sì wọ́n. Ẹni tó ń gbé lórí ilẹ̀ éékà mẹ́wàá níbi tí ọlọ́pàá kì í tètè dé, mi ò ní bú u bó bá ra ọ̀kan.

Akọ̀wé kóòtù kan tó ti fẹ̀yìn tì ló fi omi tútù sí ọ̀rọ̀ náà. Ó ní òfin ìbọn ti ọdún 1959 pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Ọ̀nà kìn-ín-ní ni èyí tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní àfi bí Ààrẹ bá fọwọ́ sí i: ìbọn ìléwọ́ wà níbẹ̀, ìbọn arọ̀jò-ọta wà níbẹ̀, ìbọn ológun tó ń jẹ ọta mìlímítà 9 náà wà níbẹ̀. Ọ̀nà kejì ni ìbọn ọdẹ òyìnbó. Ọ̀nà kẹta ni èyí tí wọ́n ń ki láti ẹnu, ìyẹn ṣakabùlà àtàwọn ìbátan rẹ̀, òun náà sì ń fẹ́ ìwé àṣẹ. Ó ní ẹni tí wọ́n bá ká ti ọ̀nà kìn-ín-ní mọ́ lọ́wọ́, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò ní dín ní ọdún mẹ́wàá. “Ta ni kí a fi orúkọ rẹ̀ rà á?” ló bi wá. Gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ sí í wo iná táyà.

Ká tilẹ̀ wá ní òfin gbà á. Ìkànìyàn ọdún 2006 ka ènìyàn 1,277,714 ní Alímòṣọ́ọ́, ẹni tó bá sì mọ bí ilé ṣe ń hù láti Ẹ̀gbẹ́dá dé Ìkọ̀tún láti ìgbà yẹn mọ̀ pé iye náà ti di ti àná. Ògiri ilé mi ni ẹ̀yìn ilé ìdáná ẹlòmíràn. Ọta mìlímítà 9 kò mọ ààlà lánlọ́ọ̀dù. Ó máa gba fèrèsé onínẹ́ẹ̀tì wọlé, ó máa gba pákó kọjá, yóò sì lọ bá ẹni tí kò mọ nǹkan kan lórí ibùsùn. Bí ẹni tó gbé e bá sì jẹ́ ẹni tí ẹ̀rù ń bà, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ni yóò fà á kó tó bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè.

Ṣakabùlà, ẹ̀ẹ̀kan ni. Kí ẹ tó da ẹ̀tù láti inú àdó, kí ẹ tó fi ìhá dí i, kí ẹ tó fi ọ̀pá gún un, kí ẹ tó bu ẹ̀tù ìta sí i, olè ti dé Ìkọ̀tún. Mo rò pé àbùkù ni èyí títí di ọjọ́ tí mo bi Bàbá léèrè. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

“Ọ̀gá, ariwo ni mo ń tà fún yín. Ẹ ò ra ọta lọ́wọ́ mi rí.”

Ó ṣe tán, ẹ̀tù àti ìhá lásán ni Bàbá ń ki sí i n'Ígàndò. Ọta wọn wà nílé, l'Ókè-Ògùn, nítorí oyà àti ẹtu. (Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìbọn tí kò ní ọta kò lè ṣe ènìyàn léṣe o. Ẹni tó bá dúró sí ẹnu rẹ̀ á rí i.)

Ariwo náà sì tó ohun tí à ń san owó fún. N ò gbọ́ ọ ju ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ láti ọjọ́ tí mo ti ń gbé àdúgbò yìí. Kì í dún “pá” bí ti ọlọ́pàá. Apátí á kọ́kọ́ ta, “kẹ́”; ẹ̀tù ìta á fọn, “ṣìì”; ẹni tó bá wà nítòsí á rí iná tó bẹ́; lẹ́yìn náà ni ilẹ̀ á mì, “gbòlà!”, ojú fèrèsé á sì gbọ̀n títí. Àárín “kẹ́” sí “gbòlà” yẹn kò ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni iṣẹ́ ọdẹ wà. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá yẹ̀ díẹ̀ ní àárín méjèèjì ti tàsé. Bàbá ní ẹtu tó bá ti gbó nínú igbó, bó bá ti gbọ́ “kẹ́” ló ń fò, kí ẹ̀tù tó dún ló ti lọ. Bó bá ti wá dún tán n'Ígàndò, ajá gbogbo òpópónà á gba orin, ọlọ́dẹ òpópónà kejì á fọn fèrè, ọ̀kan á dá a lóhùn láti ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, gbogbo onílé á tan tọ́ọ̀ṣì. Òórùn imí ọjọ́ á dúró sẹ́nu géètì títí di àsìkò ìrun àárọ̀. Olè wo ló fẹ́ jalè níbi tí igba ènìyàn ti lajú sílẹ̀?

Orúkọ ariwo ni àwọn baba wa náà fi sọ ogun wọn. Kírìjì, tó bẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1877, dídún ìbọn ni wọ́n fi pè é bẹ́ẹ̀. Ogun yẹn gan-an ló kọ́kọ́ dójú ti ṣakabùlà. Ìbàdàn gbé e lọ bí wọ́n ṣe ń gbé e lọ sí gbogbo ogun, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà l'Ékòó ti bá àwọn ènìyàn wọn wá ìbọn tuntun tí wọ́n ń ki láti ìdí. Kí ọmọ ogun Ìbàdàn tó gún ẹ̀tù tán, ọ̀tá rẹ̀ ti yìn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìbàdàn náà wá ti wọn rà nígbà tó yá.

Ó yẹ kí ṣakabùlà ti kú láti ìgbà náà. Òyìnbó tó kó o wá ló ní kó má kú. Àwọn ará Denmark, tí odi wọn wà l'Ọ́sù ní Accra kí wọ́n tó tà á fún Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1850, wà lára àwọn tó ń tà á ní etíkun wa, ara wọn sì ni Gẹ̀ẹ́sì ti yọ orúkọ fún un, “Dane gun”. Nígbà tó di ọdún 1890, àwọn ìjọba Yúróòpù jókòó ní Brussels, wọ́n ní kí wọ́n má ta ìbọn ìgbàlódé fún ènìyàn dúdú mọ́ ní èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ Áfíríkà. Wọ́n wá fi àyè sílẹ̀ fún ìbọn olókùúta, èyí tí kò lè ṣẹ́gun wọn. Ohun tí wọ́n fi rẹ̀ wá sílẹ̀ ni àwọn alágbẹ̀dẹ wa gbà, wọ́n kọ́ ọ, wọ́n ń tún un ṣe, wọ́n ń rọ tiwọn, títí dé orí èyí tó fara ti ògiri wa yìí.

N ò ní torí ìfẹ́ pa àléébù rẹ̀ mọ́. Òjò ni ọ̀tá rẹ̀. Bí ẹ̀tù bá ti gba omi, ẹ lè fa apátí títí ilẹ̀ á fi mọ́, ìdí nìyẹn tí ọ̀rá píọ̀ wọ́tà fi wà lọ́rùn rẹ̀. Bí wọ́n bá rọ ọ́ láìdára, tàbí tí ọmọdékùnrin kan da ẹ̀tù sí i ju bó ṣe yẹ lọ, ó ń bú, ó sì ń mú ìka lọ. Lẹ́rẹ̀kẹ́ ọ̀tún Bàbá, àwọn àmì dúdú kéékèèké kan wà tí mo ti ń pè ní ilà láti ọjọ́ yìí. Kì í ṣe ilà, iná ẹ̀tù ni, láti ìgbà tí wọ́n jẹ́ ọmọ ogún ọdún. Bí àwọn tó gbé AK-47 bá sì dé, irú èyí tí àwọn ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn ń bá pàdé nínú igbó láti ọdún 2020, kò sí ohun tí ṣakabùlà lè ṣe fún ẹni tó gbé e ju kó fi jókòó lọ. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni ọmọ ìta tó ń fo fẹ́ǹsì nítorí bátìrì mọ́tò, ó sì mọ iṣẹ́ náà.

Ní ọjọ́ ìpàdé tó tẹ̀ lé ìyẹn, owó tí a ti dá wà nílẹ̀, kábáìnì ò sí. Àwọn kan ní kí a ra kámẹ́rà, àwọn kan ní kí a fi kún gíga géètì. Alága wá rántí pé ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà wà níbẹ̀, ó ní, “Bàbá, ẹ̀yin fúnra yín, kí lẹ fẹ́ kí owó yìí rà?”

Bàbá wo ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n ní bàtà òjò, nọ́ńbà méjìlélógójì, kó má fún jù.

A ra bàtà, a ra fèrè, a ra bátìrì tọ́ọ̀ṣì páálí kan. Bàtà náà ti là ní ẹ̀gbẹ́ báyìí. Bí òjò bá ti ṣú láti ọ̀nà Ìjẹ̀gùn, Bàbá á wọ̀ ọ́, wọ́n á tún ọ̀rá ìbọn wé, wọ́n á wá gbé àga sún mọ́ ògiri.