Àdàpè Ikú àti Etí Ẹni tí ó Ń Ṣàrán

Àwọn tí ó ti kọ̀wé lórí àdàpè ikú nínú èdè Yorùbá sábà máa ń sọ pé ọ̀wọ̀ àti ìbẹ̀rù ni ó bí i. Ọba kì í kú, ó ń wàjà ni. Gbólóhùn náà ni Dúró Ládiípọ̀ fi ṣe orúkọ eré rẹ̀, Ọba Wàjà, ní 1964. Àgbàlagbà a máa sùn, a máa papò dà, a sì máa relé. A kò jiyàn. Ṣùgbọ́n àdàpè kò lè ṣiṣẹ́ àfi bí ẹni tí ó ń gbọ́ ọ bá ti mọ ohun tí a fi pamọ́ sábẹ́ rẹ̀.

Ìyá wa ni wọ́n fi èyí yé wa ní Minna, níbi tí iṣẹ́ rélùwéè gbé bàbá wa wá láti Ọ̀fà. Ìyá ti ń ṣàrán kí Bàbá tó ṣaláìsí. Bí wọ́n bá bèèrè ọkọ wọn, a ó ní Bàbá ti sùn. Wọ́n á ní, ‘Ẹ jí wọn, oúnjẹ ti ń tutù.’ A ní Bàbá ti relé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù Ọ̀fà. Nígbà tí a wá là á mọ́lẹ̀ pé Bàbá ti kú, wọ́n sunkún bí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n tún bèèrè, wọ́n tún sunkún. (Ẹni tí yóò bá sọ pé òtítọ́ ni ó dára jù, kí ó kọ́kọ́ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá.)

Ìrèmọ̀jé tí Bádé Àjùwọ̀n ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ ti 1982 kò lè ràn wá lọ́wọ́. Ìṣípà ọdẹ ń ya òkú ọdẹ kúrò láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ ni. Gbogbo ẹni tí ó wà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ti gbà pé ó ti lọ. Oríkì kò bèèrè irú ìgbà bẹ́ẹ̀. Èyí tí a fi kí alààyè lójúde náà ni a fi ń pe òkú. Karin Barber fi hàn nínú ìwé tí ó kọ lórí Òkukù ní 1991 pé obìnrin ni ọ̀gá nínú iṣẹ́ yìí, àti pé oríkì a máa mú àná wọ inú òní. Bí tíọ́rì lásán ni a ṣe kà á nígbà náà.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n wa obìnrin bẹ̀rẹ̀ oríkì Olófà. Ìyá gbà á lẹ́nu rẹ̀, wọ́n sì kì í dé ibi ìjàkadì láìṣì í kà. Wọn kò bèèrè ibi tí Bàbá wà. Wọ́n ní, ‘Ọkọ gidi ni wọ́n.’ ‘Ni’ inú gbólóhùn náà kò sọ bóyá ẹni náà ṣì wà tàbí kò sí mọ́. A kò sì bi wọ́n.