Sinimá Yorùbá Àtijọ́ Lójú Olùkọ́ Èdè: Ohùn Tí Ó Ń Ṣá Lórí Kásẹ́ẹ̀tì

Ìfáárà

Ó ti pẹ́ tí àwọn lámèyítọ́ ti ń ṣe ìtúpalẹ̀ ìwé ìtàn àròsọ, ewì àti eré oníṣe Yorùbá nínú irú ìwé báyìí. Ṣùgbọ́n sinimá kò rí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ gbà. Bí a bá tilẹ̀ mẹ́nu bà á, a máa ń kà á sí àbúrò eré orí ìtàgé, a ó sì yára kọjá lọ. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, ohun tí a fẹ́ ṣe ni láti sọ èrò wa lórí mẹ́rin nínú àwọn sinimá Yorùbá àtijọ́ tí a jókòó wò láìpẹ́ yìí ní Abẹ́òkúta. Olùkọ́ èdè Yorùbá ni wá. Ilé ọ̀kan nínú wa ní Ìtòkò ni a ti wò wọ́n nígbà ìsinmi, orí ògbólógbòó kásẹ́ẹ̀tì tí a yá káàkiri ni a sì ti wò wọ́n. A kò ní purọ́ pé nítorí iṣẹ́ nìkan ni. A rẹ́rìn-ín, a sì jiyàn títí ilẹ̀ fi ṣú. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà lọ́kàn wa: kí ni ó kù nínú àwọn sinimá wọ̀nyí tí olùkọ́ lè fi kọ́ ọmọ? Èrò tiwa ni pé èdè inú wọn ni ọrọ̀ wọn tí ó ga jù, òun náà ni ó sì ń kọ́kọ́ parẹ́.

Àjànì Ògún

Ọdún 1976 ni Àjànì Ògún jáde. Òun ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ kà sí sinimá àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Ọlá Balógun ni olùdarí rẹ̀. Adéyẹmí Afọláyan, tí tẹrú tọmọ mọ̀ sí Adé Love, ni ó ṣe ọ̀dọ́ ọdẹ tí ìtàn náà dá lé lórí. Ọdẹ yìí bá olówó oníwà ìbàjẹ́ jà nítorí ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Ahunpọ̀ ìtàn náà kò díjú rárá. Ẹni tí ó bá ti wo eré alárìnjò rí yóò ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ kí ó tó dé ìdajì. Àwọn kan nínú wa sọ pé orin inú rẹ̀ pọ̀ jù, pé ó ń dá ìtàn dúró. A kò gbà pẹ̀lú wọn. Láti orí ìtàgé ni orin náà ti bá àwọn òṣèré wọ inú sinimá, ibi tí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kò bá sì ti tó ni orin ti ń gba iṣẹ́ ṣe. Ẹ jẹ́ kí a rántí pẹ̀lú pé Dúró Ládípọ̀ kópa nínú rẹ̀. Ọdún 1978 ni Dúró Ládípọ̀ kú. Ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ òde òní ti lè rí ojú rẹ̀ kí ó sì gbọ́ ohùn rẹ̀ pọ̀ kò pọ̀ mọ́. Èyí nìkan tó fún wa láti pè é ní ìṣúra.

Ìjà Òmìnira

Kí àwọn ọdún 1970 tó kásẹ̀ nílẹ̀ ni Ọlá Balógun àti Adé Love tún ṣe Ìjà Òmìnira. Inú ìwé Adébáyọ̀ Fálétí, Ọmọ Olókùn-Ẹṣin, tí ó jáde ní 1969, ni wọ́n ti mú ìtàn náà. Níbi yìí ni olùkọ́ ti ní iṣẹ́ gan-an láti ṣe. Nínú ìwé Fálétí, ẹnu mẹ́ta ni ó ń sọ ìtàn: Àjàyí sọ tirẹ̀, Ìbíwùmí sọ tirẹ̀, Àyọ̀wí náà sì sọ tirẹ̀. Bí a bá ń kà á, a ó rí i pé ohun tí ẹni kan fojú rí kọ́ ni ẹnì kejì rò lọ́kàn. Kò rọrùn fún sinimá láti ṣe èyí, nítorí ojú kan ni kámẹ́rà ní. Àyípadà tí ó bá orúkọ ìtàn náà gan-an fi ohun tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ hàn: ènìyàn ni ìwé fi orúkọ rẹ̀ pè, ìjà ni sinimá fi tirẹ̀ pè. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ wo sinimá kí ó má ka ìwé mọ́ kò ṣe ọmọ náà lóore. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé méjèèjì ka iwájú rẹ̀, yóò tètè mọ ohun tí a ń pè ní ojú ìwòye olùsọ̀tàn ju bí a bá fi ọdún kan kọ ọ́ sí ojú pátákó lọ.

Àiyé

Hubert Ògúndé, ọmọ Ọ̀sọ̀sà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn wa níhìn-ín, ni ó ni Àiyé (1979). Òun fúnra rẹ̀ ni ó ṣe Ọ̀ṣẹ́túrá, babaláwo tí ó dojú kọ àwọn àjẹ́ ìlú. Nígbà tí ó jáde, èrò ń wọ́ tẹ̀lé e láti ìlú dé ìlú nítorí idán inú rẹ̀. Lónìí, idán náà ti di arúgbó. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan tí ó wà láàrin wa bú sẹ́rìn-ín nígbà tí ènìyàn ń para dà. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ọ̀ṣẹ́túrá la ẹnu tí ó ń pe ọfọ̀, ẹ̀rín náà dáwọ́ dúró. Kámẹ́rà ti darúgbó, ohùn kò darúgbó.

Ìṣòro kan dé níbẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì náà ti ń hó, a kò sì gbọ́ ìparí gbólóhùn kan nínú ọfọ̀ náà. A dá a padà lẹ́ẹ̀mẹta, olúkúlùkù sì ń sọ ohun tí etí rẹ̀ gbọ́. Bàbá onílé, tí ó jókòó lẹ́yìn wa láti ìbẹ̀rẹ̀, ni ó fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pe gbólóhùn náà parí. A bi wọ́n pé ṣé sinimá ni wọ́n ti kọ́ ọ. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ta ní ń kọ́ irú èyí nínú sinimá?" Ẹ̀rú bà wá nígbà tí a rò ó: bí bàbá yìí kò bá sí nílé lọ́jọ́ náà ńkọ́?

A kò ní tìtorí èyí gbójú fo àléébù Àiyé. Ó di ẹrù ibi tí ó pọ̀ jù lé orí àjẹ́, ó sì fi obìnrin ṣe olórí wọn. Bí olùkọ́ bá fẹ́ lò ó ní kíláàsì, kí ó jẹ́ kí àwọn ọmọ jiyàn lórí ìfìwàwẹ̀dá yìí, kí wọ́n má kàn gbé e mì.

Ọ̀run Móoru

Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, Bàbá Sàlá aláwàdà, ni ó ni Ọ̀run Móoru (1982). Ọlá Balógun ni ó darí èyí náà. Oníṣòwò kan tí gbájúẹ̀ ti gba gbogbo owó rẹ̀ fẹ́ para rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé ọ̀run, wọ́n ní àkókò rẹ̀ kò tíì tó. A ti mọ Bàbá Sàlá mọ ẹ̀rín àríntàkìtì. Nínú èyí, ẹ̀rín náà korò, nítorí ìṣẹ́ ni ó wà ní ìdí rẹ̀. Lójú tiwa, òun ni ó pegedé jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nítorí àwòrán àti ọ̀rọ̀ jọ ń rìn, èkíní kò fi èkejì sílẹ̀.

Gbogbo wa ni a mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí i. Wọ́n jí sinimá náà dà kọ sórí fídíò, wọ́n ń tà á káàkiri, gbèsè sì wọ ọlọ́jà lọ́rùn. Bàbá Sàlá kò bọ́ nínú àdánù náà bọ̀rọ̀ títí ó fi kú ní 2018. Nísinsìnyí, kásẹ́ẹ̀tì tí àwa fi wò ó ńkọ́? Ìran àwọn kásẹ́ẹ̀tì tí a jí dà kọ yẹn náà ni. Ọ̀kan nínú wa dìde, ó ní òun kò wò mọ́: ẹni gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tí ó gbà á sílẹ̀. Ẹlòmíràn dáhùn pé bí a kò bá wo èyí, níbo ni a ó ti rí òmíràn? Àwọn méjèèjì ni ọ̀rọ̀ wọn tọ̀nà. Olè tí ó ba ọlọ́jà jẹ́ náà ni kò jẹ́ kí ọjà náà parẹ́ lójú wa.

Ìdájọ́ tiwa nìyí: kí olùkọ́ wò ó láti kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó má dà á kọ, kí ó má sì rà á lọ́wọ́ àwọn tí ń tà á lọ́nà àìtọ́. Kí a sì máa wá àwọn tí ó ni iṣẹ́ náà, tàbí àwọn ọmọ wọn, kí a tọrọ àṣẹ.

Àgbálọgbábọ̀

Ìrètí ṣì wà. Ẹni tí ó gbé kámẹ́rà fún Ọ̀run Móoru ni Túndé Kèlání, tí ó dàgbà ní Ìjàyè-Kúkúdì ní Abẹ́òkúta níhìn-ín, tí ó sì lọ sí Abẹ́òkúta Grammar School. Ẹ̀kọ́ tí ó kọ́ lẹ́yìn àwọn ọ̀gá wọ̀nyí ni ó gbé wọ inú Ó Le Kú (1997) àti Saworoidẹ (1999), tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ìtàn wọn, títí dé Ayinla (2021), lórí Àyìnlá Ọmọwúrà, olórin ilẹ̀ Ẹ̀gbá tí ó kú ní 1980. Àwọn tí wọ́n bá àwọn ọ̀gá àtijọ́ ṣiṣẹ́ ṣì wà láàrin wa. Ọjọ́ ń lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀rọ̀ ti bọ́ sórí. Shehu Umar, sinimá ní èdè Hausa tí Adamu Halilu ṣe ní 1976 láti inú ìwé Abubakar Tafawa Balewa, ni a ti rò pé ó ti sọnù. Ní Jos ni wọ́n ti rí i nínú àká, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì fi hàn ní Berlin ní ilẹ̀ Jámánì ní 2018. Bí ti Hausa bá lè jí dìde, kí ló dé tí ti Yorùbá yóò fi kú?

Àwa olùkọ́ kò lágbára láti tún fíìmù ṣe, ṣùgbọ́n a mọ ọ̀rọ̀ í kọ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀. Kí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan mú sinimá kan, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ orin, òwe àti ọfọ̀ inú rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n sì gbé ibi tí etí kò gbọ́ lọ bá àwọn àgbà. Àwa ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gbólóhùn kan tí bàbá Ìtòkò fún wa. Ó wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ wa báyìí. Kò sí lórí kásẹ́ẹ̀tì náà mọ́.