Ìyìn Kì í Ṣe Oríkì: Lámèyítọ́ Lórí Ètò The Incredible Years

Ètò The Incredible Years, tí Carolyn Webster-Stratton dá sílẹ̀ ní Seattle, ní Amẹ́ríkà, ti di ìlú-mọ̀ọ́ká láàrin àwọn tó ń ran òbí àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ oníjàgídíjàgan lọ́wọ́. Àwọn òbí a máa pàdé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wọn a wo fídíò, wọn a jíròrò, wọn a sì lọ dán an wò nílé. Eré ṣíṣe àti ìyìn ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ìbáwí kò tó nǹkan níbẹ̀.

Wọ́n ti gbé e wọ ilé-ìwé. Nínú ìwádìí SPOKES tí Stephen Scott àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2010, òbí 112 ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ 8 ní Lọ́ńdọ́nù ló kópa. Níbi tí wọ́n ti fi ìwé kíkà kún un, ìwà ọmọ dára sí i. Ṣùgbọ́n nínú PALS, tí òun náà jáde ní 2010, láàrin òbí ẹ̀yà oríṣiríṣi tí àwọn ará Áfíríkà wà lára wọn, àjọṣe òbí àti ọmọ ló sunwọ̀n. Ìwà ọmọ kò yí padà. A kò sọ pé àṣà nìkan ló fà á.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ìyìn yẹ ní yíyẹ̀wò. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa a máa sọ pé Yorùbá ti ní èyí tipẹ́, ṣebí a ń ki ọmọ. Irọ́ ni, bó tilẹ̀ dùn-ún gbọ́. Oríkì ń yin ọmọ fún ẹni tí ó jẹ́ àti ilé tí ó ti wá, kó tó ṣe ohunkóhun. Ìyìn inú ètò yìí ń dárúkọ iṣẹ́ kan pàtó: “O ṣeun tí o dúró de ẹ̀gbọ́n rẹ.” Ìyá tó ń ki ọmọ láràárọ̀ lè máà sọ irú èyí rí. Ẹni tó bá kàn túmọ̀ ètò náà sí Yorùbá láìya méjèèjì sọ́tọ̀ ti pàdánù ohun tó wà nínú rẹ̀. Lọ́wọ́ kejì ẹ̀wẹ̀, ètò náà kò mọ bí oríkì ti ń pẹ̀tù sí ọmọ tí inú ń bí.

Àléébù tó tún tóbi wà lọ́dọ̀ tiwa. Owó tàbí ẹjọ́ nìkan ni ilé-ìwé wa fi ń ránṣẹ́ pe òbí. Nígbà ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ kan, mo rí ìyá kan tó kúnlẹ̀, tó ń bẹ̀bẹ̀, kí olùkọ́ tó lanu. Súwẹ́tà tí ọmọ rẹ̀ gbàgbé ni wọ́n ní kó wá mú.