Orúkọ inú Ìwé, Ẹni inú Oríkì: Àyẹ̀wò Ọ̀nà tí a Ń Gbà Wá Baba-ńlá ní Ìlá Ọ̀ràngún

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ àgbà ni ó ń wo ẹ̀yìn lónìí tí ojú rẹ̀ kò ré kọjá bàbá tí ó bí bàbá rẹ̀. Bí ó ti rí ní Ìlá Ọ̀ràngún náà ni ó rí ní ilẹ̀ Ìgbómìnà yòókù. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ orísun rẹ̀ ní ọ̀nà méjì tí ó lè tọ̀. Èkíní ni ọ̀nà ìwé: ìwé ìrìbọmi, ìwé owó-orí, ìwé ẹjọ́ kóòtù ìbílẹ̀, àti fáìlì àwọn ọ̀gá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tí a kó pamọ́ sí ilé àkójọ ìwé àtijọ́ ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Ìbàdàn. Èkejì ni ọ̀nà ẹnu: ìtàn, orúkọ àti oríkì.

Èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé ìwé ni ẹlẹ́rìí tòótọ́, pé ohun ìpọ́nnilé lásán ni oríkì. Nítorí èyí, bí oríkì bá ta ko ìwé, oríkì ni wọ́n máa ń tún ṣe. Àbá tiwa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ibi tí àwọn méjèèjì kò ti bára mu gan-an ni a ti lè rí ẹni tí a ń wá. Bí a bá fi ọwọ́ ara wa tẹ́ ibẹ̀ pẹrẹsẹ, ńṣe ni a sin baba-ńlá náà lẹ́ẹ̀kejì.

Ohun tí Akọ̀wé Ń Wá

Kò sí àkọsílẹ̀ tí kò ní ète. Gẹ́gẹ́ bí a ti máa ń bi ìwé ìtàn àròsọ léèrè pé ta ni ó ń sọ ìtàn, ta ni ó sì ń sọ ọ́ fún, bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí á bi ìwé owó-orí léèrè. Láàrin ọdún 1916 sí 1918 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì mú owó-orí tààrà wọ agbègbè Ọ̀yọ́, èyí tí Ìlá wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà. Ohun tí akọ̀wé owó-orí ń wá kò ju mẹ́ta lọ: orúkọ ọkùnrin tí ó ti tó owó san, agboolé rẹ̀, àti iye tí ó san. Ẹni tí ó bá ń wá ìyá-ńlá rẹ̀, ìbáà ṣe aláró, ìbáà ṣe oníṣòwò aṣọ tí ó fi èrè ọjà tọ́ gbogbo ilé dàgbà, yóò ṣí irú ìwé bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìrí i. Kì í ṣe pé akọ̀wé gbàgbé rẹ̀. Ìwé náà kò ní ibi tí wọ́n lè kọ ọ́ sí ni.

Ọkùnrin tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ pàápàá kò bọ́ nínú ewu. Orúkọ bàbá tí a ń jẹ mọ́ tiwa lónìí, ilé-ìwé, ṣọ́ọ̀ṣì àti ọ́fíìsì ni ó sọ ọ́ di dandan. Ọmọ bàbá kan náà mẹ́ta lè lọ sí ilé-ìwé mẹ́ta, kí èkíní fi orúkọ bàbá wọn ṣe orúkọ ìdílé, kí èkejì fi ti bàbá-bàbá wọn ṣe é, kí ẹ̀kẹta sì fi orúkọ oyè tàbí ti agboolé ṣe é. Kí ogójì ọdún tó pé, wọ́n ti di àjèjì sí ara wọn lójú ìwé. Bẹ́ẹ̀ náà ni orúkọ àmútọ̀runwá. Òjó, Àìná, Ìdòwú àti Dàda kì í ya ẹnìkan sọ́tọ̀, nítorí ọ̀nà tí ọmọ gbà wáyé ni wọ́n ń sọ. Akọ̀wé tí ó kọ “Ojo” sílẹ̀ láìfi orúkọ ìyá rẹ̀ tàbí oríkì rẹ̀ kún un kò tíì dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Orúkọ tí ó Jẹ́ Ìwé Fúnra Rẹ̀

Síbẹ̀, bí a bá mọ orúkọ Yorùbá kà, ìwé ni òun náà. Ẹ jẹ́ kí á fi gbajúgbajà ọmọ Ìlá kan ṣe àpẹẹrẹ, èyíinì ni olóògbé Lámídì Ọlọ́nàdé Fákẹ́yẹ, agbẹ́gilére tí ó kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀, tí ìwé ìtàn ìgbésí-ayé rẹ̀ jáde ní ọdún 1996, tí ó sì re ibi àgbà ń rè ní ọdún 2009. Orúkọ mẹ́ta ni, ìpele ìtàn mẹ́ta sì ni. Fákẹ́yẹ ń tọ́ka sí ìgbà tí Ifá ń sọ̀rọ̀ nínú ìdílé. Lámídì ń tọ́ka sí ẹ̀sìn Ìsìláàmù tí ó dé lẹ́yìn. Ọlọ́nàdé sì ń tọ́ka sí iṣẹ́ ọnà tí ìdílé náà ti ń ṣe láti ìran dé ìran, tí ìyípadà ẹ̀sìn kò pa run. Ká ní akọ̀wé kan kọ “Lamidi” nìkan sílẹ̀, ìpele méjì ni ìbá ti bà jẹ́.

Ẹ tún wo Ọlọ́nàdé dáadáa. Bí a bá fi gbogbo àmì ohùn sí i, síbẹ̀ ojú-ìwé nìkan kò lè sọ fún wa bóyá “ọnà” tí agbẹ́gilére ń ṣe ni ó wà nínú rẹ̀ tàbí “ọ̀nà” tí à ń tọ̀, nítorí pé bákan náà ni “ọlọ́nà” ṣe ń dún nínú méjèèjì. Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ ilé náà nìkan ni ó mọ èyí tí ó tọ́. Ìmọ̀ yìí kò sí nínú fáìlì kankan. Ẹnu ni ó wà.

Ohun kan náà ni ojú àwọn tí ń wá baba-ńlá wọn lókè òkun ń rí. Láti ọdún 1808 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń gba àwọn tí a kó lẹ́rú sílẹ̀ lójú òkun, tí wọ́n sì ń kó wọn lọ sí Freetown ní Sàró. Wọ́n ń kọ orúkọ wọn sínú ìwé ńlá, pẹ̀lú ọjọ́ orí, gíga àti àpèjúwe ara wọn. Orúkọ Yorùbá pọ̀ nínú ìwé wọ̀nyí, ṣùgbọ́n bí etí àjèjì ti gbọ́ ọ ni ọwọ́ rẹ̀ kọ ọ́. Nígbà tí àwọn onímọ̀ òde òní fẹ́ tú wọn, àwọn tí ó gbọ́ èdè náà ni wọ́n ní láti pè kí wọ́n wá ka orúkọ náà sókè. Bí kò bá sí etí Yorùbá, takadá lásán ni.

Agbára Oríkì àti Àìlera Rẹ̀

A kò sọ pé kí á gba oríkì gbọ́ láìyẹ̀ ẹ́ wò. Karin Barber, nínú ìwé tí ó kọ lórí oríkì ìlú Òkukù ní ọdún 1991, fi hàn pé oríkì kì í to ìtàn tẹ̀léra. Ọ̀rọ̀ ti ìgbà ogun àti ọ̀rọ̀ ti àná lè jókòó papọ̀ nínú ìsọ kan, a kò sì lè fi ka iye ìran tí ó ti kọjá. Bí àwọn méjì bá jẹ́ orúkọ kan náà, oríkì wọn lè wọnú ara wọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ọdún, ìwé ni kí ó lọ bá.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí oríkì orílẹ̀ ń ṣe tí ìwé kò lè ṣe. Adébóyè Babalọlá pe àkíyèsí wa sí irú oríkì yìí nínú Àwọn Oríkì Orílẹ̀ tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1967. Oríkì orílẹ̀ so ènìyàn mọ́ ibi tí ìran rẹ̀ ti ṣẹ̀, kì í ṣe ibi tí ó ń gbé. Ẹ rántí ohun tí ojú ilẹ̀ Ìgbómìnà rí ní ọ̀rúndún tí ó ṣáájú èyí tí ó kọjá, nígbà tí ogun Ìlọrin àti ti Ìbàdàn ń da ìlú rú, títí dé ogun Kírìjì tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877, tí ọmọ-ogun kò sì tú ká títí di ọdún 1893. Ọ̀pọ̀ ni ó wọ agboolé olóore bí àlejò. Àwọn mìíràn wọ̀ ọ́ bí ìwọ̀fà tàbí ẹrú. Nígbà tí ìran kan bá fi máa kọjá, orúkọ agboolé ni ìwé yóò fi pè wọ́n. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ ìgbéyàwó, tàbí ní òwúrọ̀ tí ìyá àgbà bá ń ki ọmọ náà, orílẹ̀ ìlú mìíràn ni yóò jáde lẹ́nu rẹ̀. Gbólóhùn tí kò bá ti agboolé mu yẹn nìkan ni ẹ̀rí tí ó ṣẹ́ kù pé ẹnìkan ti ibì kan wá.

Ibí yìí gan-an ni ẹjọ́ wa pẹ̀lú àwọn ìwé pélébé tí à ń tẹ̀ fún ìsìnkú àti ìwúyè wà. Ìtàn inú wọn sábà máa ń fi gbólóhùn kan fò láti ọ̀dọ̀ Odùduwà dé ọ̀dọ̀ bàbá olóògbé. Àwọn ìyá kì í sí níbẹ̀, àfi bí wọ́n bá jẹ́ ọmọ ọba. Oríkì tí a tẹ̀ sí ẹ̀yìn ìwé ti di ẹyọ kan ṣoṣo fún gbogbo ilé. Èyí tí ó ń tọ́ka sí àlejò tàbí ìwọ̀fà ni a ti yọ, kí ojú má bàa ti ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ ìfẹ́ ni lójú ẹni tí ó ṣe é, ṣùgbọ́n ìpalára ni fún ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Ọmọ tí ó yẹ kí ó mọ̀ pé baba-ńlá òun la ogun já, tí ó sì tún ayé rẹ̀ tò nílùú onílùú, yóò máa wá orúkọ rẹ̀ láàrin àwọn tí kì í ṣe ìbátan rẹ̀.

Nígbà tí Ìwé Bá Di Àṣẹ

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ìmọ̀ nìkan. Ìwé The History of the Yorubas tí Samuel Johnson kọ parí ní ọdún 1897 ka Ọ̀ràngún ti Ìlá mọ́ àwọn ọmọ-ọmọ Odùduwà méje. Ọmọ Odùduwà gan-an ni ìtàn Ìlá fi Fágbàmílà Ajagunńlá pè. Ìwé Johnson pàápàá ti sọnù rí: èyí tí ó fi ránṣẹ́ sí òkè òkun kò padà, òun náà sì kú ní ọdún 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó tún un tò láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tí ó kù, tí ó fi jáde ní ọdún 1921. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ni ó ń tọ́ka sí i bí ẹni pé láti ọ̀run ni ó ti já bọ́.

Èyí tí ó tún wá lágbára jù ni ìkéde oyè tí Òfin Ìjòyè Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ti ọdún 1957 mú wá. Òfin yìí ní kí á kọ iye ìdílé tí ń jọba àti bí wọn yóò ṣe máa tẹ̀léra sílẹ̀. Ìdílé tí ó bá wọ inú ìwé náà wà. Èyí tí kò bá wọ̀ ọ́ ti di ẹni tí ń fi oríkì jẹ́rìí níwájú adájọ́. Bí a bá ti fọwọ́ ara wa gé oríkì kúrú, kí ni yóò kù fún un láti fi jẹ́rìí?

Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ wa gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ àti lámèyítọ́ ni láti kọ́ àwọn ọmọ wa bí a ti ń ka méjèèjì. Bí a bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ìtàn ìdílé rẹ̀, kí á ní kí ó kọ orúkọ ìyá mọ́ ti bàbá, kí ó kọ oríkì bí ó ti gbọ́ ọ gẹ́lẹ́ pẹ̀lú àmì ohùn, kí ó sì kọ ẹni tí ó kì í àti ọjọ́ tí ó kì í. Bí oríkì náà bá dárúkọ ìlú tí kò sẹ́ni tí ó mọ̀ ọ́n nínú ilé, kí ó má ṣe pa á rẹ́. Kí ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ó gba inú ìwé lọ wá ọdún rẹ̀. Àwọn ìyá tí ó mọ oríkì wọ̀nyí kò pọ̀ mọ́ ní agboolé, àwọn ọmọ tí ó lè kọ ọ́ sílẹ̀ sì pọ̀ ní kíláàsì. Kò yẹ kí àwọn méjèèjì gbé ìlú kan náà kí wọ́n má pàdé.